Fíìmù Kan Ṣoṣo Tí O Kò Kú Nínú Rẹ̀

Ethel Àjíkẹ́, ọmọ Ògúntádé, adúmáadán ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, òṣèré tí í ṣeré bí ẹni pé kì í ṣeré, ọdún kẹta pé lónìí tí ohùn rẹ ti dákẹ́ nínú ilé yìí. Ọdún mẹ́ta! Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí wọ́n gbà kọjá.

Ọmọ rẹ Rosaline ti ga ju Lucy àbúrò rẹ lọ. Ó ti wọ girama. Ẹ̀rín rẹ gan-an ló ń rín. Bó bá ti rín in nínú yàrá, ìyá rẹ á gbé ojú sókè, á tún gbé e wálẹ̀. A ti kun ilé wa ní Yábàá ní ọ̀dà tuntun. Tẹlifíṣọ̀n ṣì wà níbi tó wà. Aṣọ ni ìyá rẹ dà bò ó.

Ìyá rẹ kò tíì sunkún. A ń sọ ọ́ fún ọ kí o lè mọ̀. Ó ń jẹun, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọ orin dé ìparí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí o máa ń gbà wọlé bí o bá ti ibi eré dé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì í láti ọjọ́ náà. Òjò ni o, ẹ̀ẹ̀rùn ni o, kò jẹ́.

Ta ni yóò bá a wí? Ìwọ lo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí o ti ṣe Màríà nínú eré Kérésì, tí àwọn onítẹlifíṣọ̀n wá rí ọ, ikú ni wọ́n ń fún ọ kú. O ṣe ìyálé tó jẹ májèlé, o kú. O ṣe aboyún, o kú lórí ìkúnlẹ̀. O mọ bí a ti ń sé èémí títí àwọn tó ń wòran á fi sé tiwọn. Sìmíátù tó ń gbé ilé kejì á wá yọrí lójú fèrèsé: “Ìyá Ethel, ẹ kú ìrọ́jú o! Ọmọ yín tún ti kú!” Ìyá rẹ á ní, “Ẹ bá mi sọ fún un kó tètè jí, ọbẹ̀ ń tutù.” Kò ní pẹ́, wàá gba ẹ̀yìn wọlé, àtíkè ṣì wà lójú rẹ, wàá ní ebi ń pa òkú.

Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Sìmíátù sáré wọlé, gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀. Ó ní, “Ìyá Ethel, Ethel ti kú.” Ohun tí ìyá rẹ bi í ni pé, “Nínú èwo?”

Nínú èwo! Ibà tí o ní kì í ṣe nǹkan kan ló mú ọ lọ ní ọsibítù. A kì í mú òbí dé ojú oórì ọmọ. Àwọn àgbà kò jẹ́ kí ó rí ọ, wọn kò sì jẹ́ kí ó mọ ibi tí o sùn sí. Gbogbo ikú rẹ tí ó fojú ara rẹ̀ rí, o jí nínú wọn.

Fíìmù rẹ wá kù nílẹ̀. Èyí tí o fọwọ́ ara rẹ kọ lórí tábìlì ìjẹun wa, tí o ń darí, tí o tún ń ṣe olùkọ́ obìnrin inú rẹ̀. Wọ́n ní obìnrin wo ló ń darí ọkùnrin? O ní kí wọ́n wá wò ó. Mùktárù ọmọ Múṣin tó ń ya àwòrán á ní, “Àǹtí, ẹ ò lè wà níwájú kámẹ́rà kẹ́ ẹ tún wà lẹ́yìn ẹ̀.” Wàá sáré láti iwájú bọ́ sẹ́yìn, wàá ní, “Mo dé. Ẹ tún un ṣe!” Ó kù kí olùkọ́ náà kú, kí ó parí. Ìwọ lo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. O ní bí o kò bá kú, àwọn òǹwòran á gba owó wọn padà.

Inú agolo ni fíìmù náà wà títí di ọdún yìí. Mùktárù wá bá wa ní pálọ̀. Ó ní Lucy jọ ọ́. Kí ó sùn sílẹ̀, kí wọ́n da aṣọ bò ó lójú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó ní láìsí ikú yẹn, gbogbo làálàá rẹ á bàjẹ́ sínú agolo. Lucy ti gbà. Ìyá rẹ ló ní rárá. “Èyí tó kù lọ́wọ́ mi kò ní kú ṣeré fún ẹnikẹ́ni.”

Àwa rò pé ó parí nìyẹn, pé iṣẹ́ rẹ ti bá ọ lọ. Mùktárù ti dìde. Ìyá rẹ wá ní, “Jókòó ná. Ṣé kò síbì kan tó ti ń rìn?”

Ó wà! Ẹ̀gbẹ́ ojú irin ní Èbúté Mẹ́ta: olùkọ́ gbé báàgì rẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn, ó rẹ́rìn-ín, ó ń lọ. Òun ni Mùktárù lẹ̀ mọ́ ìparí.

Wọ́n fi í hàn ní gbọ̀ngàn kan ní Sùúrùlérè lóṣù tó kọjá. Èrò kún! Nígbà tí ọjà Ọ̀yìngbò yọ nínú fíìmù, àwọn ọlọ́jà tó wá wòran ń nawọ́ sí ìsọ̀ ara wọn. Nígbà tó kù díẹ̀, àwọn kan dìde, ọkùnrin kan sì jágbe mọ́ wọn: “Ẹ jókòó jàre, ó ṣì máa kú!”

O kò kú, Àjíkẹ́. O ń rìn lọ, o ń kéré, o ń kéré, títí ojú kò fi tó ọ mọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè owó rẹ̀.

Nígbà tí a délé, ìyá rẹ gba ẹ̀yìn lọ, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ó fi ọ̀pá dábùú rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀. Kò sunkún. Ó ní, “Mo ti rí i tó ń lọ.”

Má rò pé a tì ọ́ síta. Ilé rẹ nilé yìí. Orúkọ rẹ wà nínú àdúrà wa láàárọ̀, ó wà nínú rẹ̀ lálẹ́. Kí Olúwa tẹ́ ọ sí afẹ́fẹ́ rere, kí Ó dá Rosaline sí fún wa. A fẹ́ràn rẹ, Àjíkẹ́, a fẹ́ràn rẹ! Ààyè rẹ ṣófo síbẹ̀. Máa rìn lọ, ọmọ Ògúntádé. Bí o bá ń lọ, máa bojú wẹ̀yìn wò wá.

Àwa ará ilé rẹ: ìyá rẹ, Lucy àti Rosaline.
Yábàá, 1978.