Ẹni Tó Ń Dáhùn Ṣáájú Mi

Màámi, mo ti lọ́kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná kí Bọ̀dá Jímọ̀ tó ka èyí tó kù fún yín. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n so yìgì mi ní mọ́ṣáláṣí kan ní Ojú-Ore, l'Ọ̀tà níbí. Bàbá Kékeré, àbúrò olóògbé bàbá wa, ló fà mí lé ọkọ lọ́wọ́, èmi ni mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì sọ fún yín. Ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà lẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́, lẹ́yìn tí ẹ ti pín oúnjẹ ìdùnnú fún gbogbo àdúgbò lẹ́ẹ̀mejì tí ọkọ ìyàwó ò sì yọjú, pé bí n bá tún fẹ́ lọ́kọ, kí n má sọ fún yín títí yìgì yóò fi so. Ó ti so, Màámi. Ẹ rẹ́rìn-ín.

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àdúrà tí ẹ ò fi mí sílẹ̀ nínú rẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo kí Bọ̀dá Jímọ̀ àti ìyàwó wọn, mo kí Ìyá Àgbà, mo kí gbogbo obìnrin ilé. Inú mi ń dùn débi pé mo máa ń gbàgbé iyọ̀ nínú ọbẹ̀, ọkọ mi á sì jẹ ẹ́ tán láì sọ nǹkan kan.

Àmọ́ ọ̀nà tí ayọ̀ yìí gbà dé ọwọ́ mi ò tọ́ tẹ́lẹ̀, ìgbà mìíràn wà tí ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí lọ́sàn-án gangan. Ìyàwó Àáfáà wa ní kí n kọ ọ́ síta, kí àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ àsàlátù lè kà á. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yín fi máa dé ọwọ́ àwọn ẹlòmíì pẹ̀lú.

Ẹ mọ̀ pé iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ rọ́bà, ní ọ̀nà Sango, ni mo wà. Kásúà ni wá, ọjọ́ tá a bá ṣiṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń kà fún wa. Èmi àti ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Sìfáwù la jọ gba yàrá kan àti ibùsùn kan. Iṣẹ́ àárọ̀ ni tèmi, iṣẹ́ òru ni tirẹ̀, nítorí náà bí ọ̀kan bá ń dìde, ọ̀kan á máa sùn. Ọ̀sẹ̀ méjì lè kọjá tá ò ní jókòó sọ̀rọ̀. Ibi tí ara rẹ̀ ti mú gbóná lórí ibùsùn ni mo fi ń mọ̀ pé ó wà láyé. Bí ara ẹnì kan ò bá sì yá, ẹnì kejì á fi káàdì rẹ̀ kọ́rùn, á bá a ṣiṣẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má baà yọ orúkọ rẹ̀. Gbogbo kásúà ló ń ṣe é. Àwòrán ojú káàdì ti ṣá, kò sí ẹni tó ń wò ó.

Nígbà ọyẹ́ èṣí, ibà dá Sìfáwù dúbúlẹ̀, ó sì lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìgbẹ̀sà. Mo gbé káàdì rẹ̀ kọ́rùn lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo bá a ṣiṣẹ́ òru rẹ̀. Ọyẹ́ ibí kì í ṣe ti ilé, Màámi. Ó ń pò mọ́ èéfín àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin, oòrùn á sì pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún sùn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, káàdì ṣì wà lọ́rùn mi, ni obìnrin kan kí sàlámà lẹ́nu ọ̀nà. Àlájà kan ni, láti Ojú-Ore. Ó wo káàdì, ó wò mí, ó ní ṣé èmi ni Sìfáwù tí ìyàwó Àáfáà ròyìn fún òun. Ó ní àbúrò òun ọkùnrin ń wá aya, Mùtíù lorúkọ rẹ̀, fèrèsé onígíláàsì ló ń ṣe.

Mo la ẹnu láti sọ pé rárá. Mo rántí oúnjẹ ìdùnnú ẹlẹ́ẹ̀mejì. Mo rántí ọjọ́ orí mi. Mo wo ojú Àlájà, ó tutù bí ojú ìyá ọkọ tí mo ti ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ní, ẹ jókòó, mà. Mi ò sọ pé èmi ni Sìfáwù, mo kàn jẹ́ kó máa pè mí bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí màgáríbì tó tó, tí Sìfáwù ti gbádùn tó sì ti padà síbi iṣẹ́, Àlájà mú Mùtíù wá. Abẹ́ igi fúrúùtù nínú ọgbà la jókòó sí, Àlájà wà láàárín wa. Mùtíù ní gbogbo fèrèsé tí òun ṣe fáráyé ló ń tì dáadáa, àyàfi ti yàrá òun fúnra òun. Mo rẹ́rìn-ín. Ó wá pè mí ní Sìfáwù. Kí n tó dáhùn, ẹnìkan ti dáhùn lẹ́yìn mi. Ohùn mi ni, Màámi, bẹ́ẹ̀ ẹnu mi ò tíì là. Mo bojú wẹ̀yìn, ògiri ni mo rí. Mùtíù ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bí ẹni tí wọ́n ti dá lóhùn.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń rí mi níbi tí mi ò sí. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì iléeṣẹ́ wa bi mí bóyá mo ti ń fo ògiri, torí pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi tí mo wọlé nínú híjáàbù kan náà. Ó ní òun kí mi, mi ò dáhùn, ṣé torí mo fẹ́ lọ́kọ ni mo ṣe ń gbéraga. Ta ló sọ fún un pé mo fẹ́ lọ́kọ? Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá oníbúrẹ́dì ní mo ti gba búrẹ́dì mi lọ. Sìfáwù náà jí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dúró dè mí, ó ní kí ló dé tí mo wá jókòó síbi ẹsẹ̀ òun tí mo ń wo òun bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Àkókò tó sọ yẹn, ìdí ẹ̀rọ ni mo wà, mo ń to abọ́. Mo ní ibà ló ṣì wà lójú rẹ̀. Ó ní bóyá ni, ó sì tún sọ pé ó jọ pé àwọn tí ìyàwó Àáfáà ní wọ́n ń bọ̀ wá wo òun ti gbàgbé òun. Mo ní kó ṣe sùúrù. Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́.

Ní àsàlátù ọjọ́ Sọ́ńdè, Àáfáà wàásù lórí fífọ ọkàn mọ́. Ó ní ọkàn dà bí abọ́ dídán tí èéfín Sango ń bà lé, ẹni tí kò bá nù ún lójoojúmọ́ á gbàgbé àwọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀. Ó ní ìfẹ́-inú ẹni, tí wọ́n ń pè ní nafs, ipò mẹ́ta ló wà: ọ̀kan ń pàṣẹ ibi, ọ̀kan ń bá olúwa rẹ̀ wí, ọ̀kan ti balẹ̀ sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Nígbà tí àwọn ènìyàn tú ká, mo lọ bá a, mo ròyìn bí wọ́n ṣe ń rí mi níbi tí mi ò sí, mo ní kó kọ tírà fún mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé mo fẹ́ fi tírà lé ara mi jáde nílé ni. Ó bi mí pé gbogbo ibi tí wọ́n ti rí mi yẹn, ṣé ọkàn mi ò sí níbẹ̀ lákòókò náà. Mo rántí pé lọ́jọ́ tí mo ń to abọ́, ìdí ibùsùn Sìfáwù ni ọkàn mi wà, mo ń rò ó bóyá ó ti mọ̀. Mo sunkún, mo jẹ́wọ́ fún un.

Kò bú mi. Ó ní òun ò lè sọ pé àlùjọ̀nnú ni, òun ò sì lè sọ pé kì í ṣe é, Ọlọ́run ló mọ ohun tó pamọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ń bọ́ nafs rẹ̀ yó, ó ní ó máa ń sanra títí táá fi lè dá rìn. Ó ní kí n gba ààwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè kó lè rù, kí n sì dá ohun olóhun padà.

Ebi rọrùn. Dídá padà ni kò rọrùn. Lójoojúmọ́ ni nǹkan ń sọ fún mi nínú pé kí wọ́n so yìgì ná, pé òtítọ́ ò ní rà, mo lè sọ ọ́ nígbàkígbà. Ní Tọ́sìdeè kẹta, mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ọkọ̀ akẹ́rù ti tu eruku bo gbogbo ọ̀nà. Obìnrin kan ń lọ níwájú mi nínú eruku náà, híjáàbù mi, bàtà mi, bí mo ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Mo dúró, òun náà dúró. Mo rìn, ó rìn. Ó yà sínú ilé wa, ó wọ yàrá wa. Nígbà tí mo débẹ̀, Sìfáwù nìkan ló wà níbẹ̀ tó ń sùn. Ṣùgbọ́n ibi ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ibùsùn tẹ̀ wọnú, mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná.

Mo jí Sìfáwù. Mi ò jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní kò burú, olè ọkọ, ṣé èmi náà ni mo máa bá òun bímọ. Ó ní mo ń jẹ orúkọ òun bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ó wọ híjáàbù rẹ̀, ó ní ká máa lọ.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Àlájà ní Ojú-Ore, mo sọ orúkọ mi fún un. Mùtíù wà níbẹ̀. Ó gbé okùn ìwọ̀n ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó jáde, kò wẹ̀yìn. Àlájà ní oṣù méjì ni òun fi ń fi orúkọ ẹni tí kò sí níbẹ̀ ṣàdúrà. Ó sì ní kí n dìde, pé ẹni tó tú àṣírí ara rẹ̀ ti ṣe èyí tó nira jù.

Mo padà sílé láìní ọkọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ fún Sìfáwù lórí gbogbo ìrun pé kí Ọlọ́run fi Mùtíù ṣe é lóore. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, irọ́ ni mò ń pa. Ẹnu mi ń sọ ọ́, inú mi ń ní kó má ṣẹ. Mi ò dáwọ́ dúró. Ó di ọjọ́ kan tí mo gba àdúrà náà tán tí omi ń bọ́ lójú mi tí mi ò mọ̀, ó wá hàn sí mi pé ó ti di òótọ́. Láti ìgbà náà, bàbá géètì ò rí mi lẹ́ẹ̀mejì mọ́.

Àlájà wá fi Mùtíù han Sìfáwù gan-an. Sìfáwù rí i lẹ́ẹ̀mejì péré, ó sì sọ fún ìyàwó Àáfáà pé òun ò ṣe. Ó ní ọkùnrin tó béèrè ẹlòmíì lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín wákàtí kan, kó wá alárinà lọ síbòmíì. Mo bi í bóyá àánú mi ló ń ṣe é. Ó ní òun ò láàánú mi tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí Àlájà mú Mùtíù dé ilé Bàbá Kékeré láti wá tọrọ mi, Àlájà ní kí n sọ orúkọ mi lójú gbogbo wọn. Mo ní Muinátù. Mo dúró díẹ̀, mo tẹ́tí. Kò sí ohùn míì.

Màámi, mo láyọ̀. Orin ni mo fi ń jí. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín pé ó ti parí. Ní ọjọ́ kárùn-ún lẹ́yìn yìgì, ọkọ mi dé láti ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí ló dé tí mo kọjá lọ́sàn-án tí mi ò dáhùn sàlámà òun, tí mo dojú kọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ wúrà. Mi ò jáde nílé lọ́jọ́ náà. Àmọ́ mo dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án, mo ń ro ẹ̀gbà ọwọ́ kan tí mo ti ṣèlérí pé mi ò ní béèrè. Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní ká jọ máa gba ààwẹ̀ Mọ́ńdè, à ń gbà á. Àáfáà ní nafs kì í kú lára alààyè, ó kàn lè rù.

Ẹ dárí jì mí, torí ìyá tó bá bínú, ọ̀nà tóóró ni ọmọ rẹ̀ ń tọ̀. Ẹ wá jẹ wàlímà wa, oúnjẹ ìgbéyàwó, gbogbo yín. Bí ẹ bá sọ̀ ní gáréèjì Ọ̀tà, tí ẹni tó jọ mí bá wá pàdé yín, ẹ kọ́kọ́ kí i ní sàlámà. Bí kò bá dáhùn, ẹ má tẹ̀ lé e. Ẹ jókòó ti ẹrù yín, mò ń bọ̀.

Kí Ọlọ́run fọ ọkàn wa mọ́, kó má fi wá lé ara wa lọ́wọ́. Kó jẹ́ kí ẹ pẹ́ kí ẹ gbé ọmọ mi pọ̀n. Ẹ bá mi kí ará ilé, kí ẹ kí ará ọjà, kí ẹ sì sọ fún àwọn tó jẹ oúnjẹ ìdùnnú wa lẹ́ẹ̀mejì pé ẹlẹ́ẹ̀kẹta ti dé. Sìfáwù ní òun náà ń kí yín.

Èmi ni Muinátù, ọmọ yín, tó ń retí gbogbo yín kí wọ́n tó pe ìrun àyìlá, ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀.