Ẹ Dúró Dè Mí ní Ààlà Oko

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Màmá, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Sikọ́tílàǹdì, níbi tí òtútù ti ń gé ni létí lọ́sàn-án gangan.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Odò ni mò ń tọ̀ kiri láàárín òkè, tí mò ń bu omi wọn láti mọ̀ bóyá ẹja ṣì lè gbé inú wọn. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tì mí mọ́ ọ́fíìsì ló fẹ́ pa mí. Màmá máa ń pè mí ní alárìnkiri. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ìrìn yẹn ló ń bọ́ mi.

Nínú ìlú níbí, ẹ lè kí èèyàn títí, wọn ò ní dáhùn. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà òkè, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ló ń kí mi, bí ìgbà tí a bá ń lọ sóko wa ní Àpòmù, tí ẹ máa ń ní kí n kí gbogbo ẹni tó bá ru apẹ̀rẹ̀ kòkó kọjá. Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé ara mi, mo kí bàbá arúgbó kan pé ẹ kú oko. Ó rẹ́rìn-ín. Mo kọjá tán ni mo bú sẹ́kún.

Bùkọ́lá àbúrò mi sọ pé orúnkún ń dà yín láàmú, pé ẹ fẹ́ fi ààlà oko hàn mí kí ẹsẹ̀ tó kọ̀. Mo ní kí ó fi fóònù ya àwọn pèrègún tí ẹ gbìn sí ààlà ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ẹ fárígá, pé ẹsẹ̀ la fi ń mọ ààlà, pé bí òbí bá ṣe mú ọmọ rìn ín náà ló ṣe ń di tọmọ. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà àyà mi já. Mo mọ orísun odò ẹni ẹlẹ́ni, mi ò mọ ibi tí oko bàbá mi parí sí. Ẹ̀rù ń bà mí láti ọjọ́ náà.

Ibi iṣẹ́ mi fẹ́ rán mi lọ sí òkè oníyìnyín kan ní Nọ́wè ní Oṣù Kejìlá. Ó pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti kọ̀ ọ́. Àárò yín ń sọ mí jù. Ilé ni mò ń bọ̀.

Ẹ bá mi kí Bùkọ́lá, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, àti gbogbo aládùúgbò oko wa. Kí Olúwa dá ẹ̀mí yín sí, kí ó fún orúnkún yín lókun títí n ó fi dé. Bí orúnkún náà bá sì kọ̀ jálẹ̀, Bàbá, èmi ni màá pọ̀n yín. Kí ẹ ṣáà máa nawọ́ sí ibi tí pèrègún wà.

Ọmọ yín,
Tèmítọ́pẹ́