Nígbà Tí Mo Fòfin De Ẹ̀wà

Ilé Màmá Kaja Kulubali,
Àdúgbò Hamudalayi,
Segu,
Ilẹ̀ Mali.

Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kejì, ọdún 2009.

Abọ́sẹ̀dé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Jẹ́bà? Bàbá Ìfẹ́jọbí ńkọ́, ṣé ikọ́ ọyẹ́ yẹn ti fi wọ́n sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbà kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò bí wọ́n ṣe máa ń fẹ́? Bá mi kí wọn, sọ pé mo kúnlẹ̀. Odò Ọya tí wọ́n ń wò níbẹ̀ yẹn, àwa la kọ́kọ́ ń rí i níbí kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ẹ bá rí i pé ó dọ̀tí, ẹ má bínú, aṣọ tèmi ni mo fọ̀ sí i. Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àfi ètè mi tí ọyẹ́ ti là sí wẹ́wẹ́.

Lẹ́tà tí o kọ ní ọdún tuntun tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ọ̀gá ilé-ìwé yín ń wá olùkọ́ eré ìdárayá, pé kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́ kí n máa bọ̀, pé àjò kì í dùn kónílé má relé. O tún wá bi mí ní ìbéèrè kan tó dùn mí díẹ̀: lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá, ta ni mo jẹ́ sí àwọn ará ibí? Mo fẹ́ dá ọ lóhùn lórí fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gùn ju káàdì lọ. Wá ibi jókòó sí.

O mọ̀ pé iṣẹ́ olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo bá wá síbí. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tí èmi pẹ̀lú rẹ ń gbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo rò pé mo ti sin ín. Àfi bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn ilé-ìwé wa kọjá ní ìrọ̀lẹ́, tí mo ń rí àwọn ọmọbìnrin àdúgbò tí wọ́n ń gbá a. Bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Madu Dembele ló ń kọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, bọ́ọ̀lù yí wá bá mi lẹ́sẹ̀. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé e, mo jù ú láti ibi tí mo dúró sí pẹ̀lú báàgì ìwé léjìká, ó wọ inú àwọ̀n láìkan irin. Ká sọ òótọ́, oríire lásán ni. Mi ò lè ṣe irú ẹ̀ mọ́ láyé. Ṣùgbọ́n Bàbá Madu kò mọ̀, àṣírí náà kò sì gbọdọ̀ tú láti ẹnu rẹ. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń ní kí n wá ran òun lọ́wọ́, nígbà tó sì di ọdún tó kọjá, tí ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́, ó bọ́ fèrè lọ́rùn ara rẹ̀, ó fi kọ́ mi lọ́rùn. Bí mo ṣe di akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ìlú onílùú nìyẹn.

Àwọn méjì ló gbé ẹgbẹ́ náà dúró. Asitan Keyita ló ń pín bọ́ọ̀lù, ọmọ kúkúrú tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Saran Kulubali ló ń dúró lábẹ́ àwọ̀n, ó ga bí òpó iná. Orúkọ ìdílé wọn ló sì bí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Mo ti sọ fún ọ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí: Keyita àti Kulubali gbọ́dọ̀ máa bú ara wọn ni, ìbáà ṣe lọ́jà, ìbáà ṣe nílé òkú. Keyita á ní ẹrú òun ni Kulubali, á ní ajẹ̀wà ni. Kulubali náà á dá a padà fún un tèlé-tèlé, á pè é lólè ẹ̀wà. Kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bínú. Èmi náà, ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni Màmá Kaja onílé mi ti sọ mí ní Nyele, tó sì fi orúkọ ìdílé tirẹ̀ kún un. Nyele Kulubali ni wọ́n ń pè mí láti ìgbà náà, àwọn Keyita sì ti fi ọdún mọ́kànlá bi mí léèrè igbá ẹ̀wà mélòó ni mo jẹ láàárọ̀.

Ní pápá, èébú yìí kì í dáwọ́ dúró. Bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ lọ́wọ́ Saran, Asitan á ní ẹ̀wà ló ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín títí bọ́ọ̀lù á fi yí wọ inú gọ́tà. Èmi wá rántí Ọ̀gá Dákẹ́ tó kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, bó ṣe máa ń ní kí ẹnu dákẹ́, kí ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìdíje ẹkùn Segu, tó ń gbéni dé Bamako olú-ìlú, ti ń sún mọ́lé, ẹgbẹ́ wa kò sì tíì dé Bamako rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Mo bá ṣòfin: ẹni tó bá tún dárúkọ ẹrú tàbí ẹ̀wà ní pápá, ìta ni yóò jókòó sí. Kó má bàa dà bíi pé ẹnu lásán ni mo ń fi ṣe é, èmi náà pa á tì. Mi ò bú òbí kankan mọ́. Mo ń kí wọn ní ìkí ọmọlúàbí, mo ń kọjá. Bàbá Madu gbọ́ òfin náà lórí àga rẹ̀. Ó kàn wúkọ́ ni. Ó yẹ kí ikọ́ yẹn ti kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Pápá pa rọ́rọ́, fèrè mi nìkan là ń gbọ́. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan a lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Markala, wọ́n sì nà wá dáadáa. Nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń bọ̀, Saran sọ fún Asitan pé ìmọtara-ẹni-nìkan rẹ̀ ló jẹ́ ká pàdánù. Ọ̀rọ̀ gidi ni, kì í ṣe àwàdà. Ká ní ti tẹ́lẹ̀ ni, Asitan ì bá pè é ní ẹrú aláìmoore, ọ̀rọ̀ ì bá sì ti di ẹ̀rín ká tó dé ilé. Ṣùgbọ́n mo ti gba omi tí wọ́n fi ń pa iná lọ́wọ́ wọn. Asitan wo ojú mi, ó pa ẹnu mọ́. Láti ọjọ́ yẹn kò ju bọ́ọ̀lù sí Saran mọ́. Bí Saran bá na ọwọ́ méjèèjì sókè lábẹ́ àwọ̀n, Asitan á wò ó bí ẹni ń wo ògiri, á gbé bọ́ọ̀lù gba ibòmíràn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́, èmi ni mi ò gbọ́.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, Asitan kò wá mọ́. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ ló ní kó máa jókòó sílé. Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ péré ká lọ kojú ẹgbẹ́ ìlú San, àwọn tí a gbọ́dọ̀ borí ká tó rí ojú Bamako. Láìsí Asitan, a ò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Mo mọ̀ pé èmi ni mo fà á. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà rẹ dé. Kí n má purọ́ fún ọ, mo gbé àpótí mi sọ̀ kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, mo nu eruku ara rẹ̀.

Mo ní kí n kọ́kọ́ lọ bẹ bàbá Asitan ná. Bakari Keyita ni orúkọ rẹ̀, télọ̀ ni, ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí. Kò sí ọjọ́ tí mo kọjá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí a kì í bú ara wa. Mo lọ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ní ilẹ̀ Yorùbá ṣe ń lọ bẹ̀bẹ̀: mo wé gèlè, mo ra obì mẹ́wàá, mo wọlé, mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ tó ń gún ọkà gbé ọmọ odó dúró sókè, kò sọ ọ́ kalẹ̀. Bakari gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó wo obì, ó wo gèlè mi, ojú rẹ̀ yí padà.

"Nyele," ó ní, "ta ló kú?"

Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo ti há sórí láti ilé, pé mo ṣẹ̀, pé kí wọ́n fojú fò ó, pé kí wọ́n dá ọmọ padà fún wa. Ó jẹ́ kí n parí rẹ̀. Kò fọwọ́ kan obì. Ìyàwó rẹ̀ ń bèèrè bóyá ara mi ò yá, bóyá kí àwọn bu omi fún mi.

"Ọdún mọ́kànlá lo fi ń pè mí lólè ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà yìí," Bakari wí. "Ó ti tó oṣù méjì báyìí tó o ń kọjá, tó o ń kí mi bí ẹni ń kí agbowó-orí. Mo sọ fún ìyá Asitan pé obìnrin yìí ti fẹ́ máa lọ sílùú ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ló ń bọ̀wọ̀ fúnni báyẹn. Ṣé ẹni tó ń lọ ni kí n wá fọmọ mi sílẹ̀ fún?"

Abọ́sẹ̀dé, ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Ọkùnrin yìí kò mọ nǹkan kan nípa àpótí tí mo sọ̀ kalẹ̀. Omi lé ròrò sí mi lójú. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà, ojú ń tì mí, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dìde. Ẹnu mi ló là fúnra rẹ̀.

"Bakari, ta ló sọ fún ẹ pé ìwọ ni mo kúnlẹ̀ fún? Ẹ̀wà tí ẹ̀yin Keyita jí nínú ìkòkò mi ni mò ń wá. Mo ní bóyá ó já bọ́ sílẹ̀ níbí nígbà tẹ́ ẹ̀ ń sá lọ."

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ọmọ odó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bakari dorí kodò sórí ẹ̀rọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi aṣọ oníbàárà nu ojú, ó ń sọ pé ẹrú òun ti ti oko dé. Ó wá na ọwọ́, ó gba obì. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ti Bakari yàtọ̀, àfi ìgbà tí mo bú u kó tó gba tèmi.

Asitan ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé. Ó yọ jáde, ó ní òun á padà wá, ṣùgbọ́n kí akọ́nimọ̀ọ́gbá kọ́kọ́ jẹ oúnjẹ tó tọ́ sí i. Ni ìyá rẹ̀ bá gbé ẹ̀wà àná kalẹ̀, ó le bí òkúta. Mo jẹ ẹ́ tán lójú gbogbo ilé, àwọn aládùúgbò dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì mo pe gbogbo ẹgbẹ́ jọ, mo ní òfin mi ti kú. Asitan kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó lọ dúró níwájú Saran, orí rẹ̀ kò ga ju àyà Saran lọ.

"Ẹrú mi," ó ní, "oṣù méjì gbáko ni mo fi dá ẹ sílẹ̀ lómìnira. Ṣé o gbádùn ẹ̀?"

"Kò dùn rárá," ni Saran dá a lóhùn. "Ebi ẹ̀wà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún un pé ọ̀rọ̀ tí òun sọ nínú ọkọ̀ yẹn kò dára. Asitan ní òun ti gbọ́, pé lóòótọ́ náà ni ọwọ́ òun kì í fẹ́ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Bàbá Madu tún wúkọ́ lórí àga rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá la lọ sí San. Àmì kan ṣoṣo ni wọ́n fi borí wa. Bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn, Asitan kígbe pé, "Ajẹ̀wà, gbà!" ó sì jù ú sí Saran láìwo ibẹ̀ rárá, rẹfirí pàápàá rẹ́rìn-ín ti fèrè ti fèrè lẹ́nu. Saran sọ ọ́ sókè, ó yí irin po lẹ́ẹ̀mejì, ó jábọ́ síta. Ó dùn mí, mi ò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì là ń pàdé, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, bí a bá sì fi àmì méjì borí wọn, Bamako yá. Mo rò pé a máa borí. Ohun tí mo gbọ́ nínú ọkọ̀ ló jẹ́ kí n wí bẹ́ẹ̀, nítorí láti San títí dé Segu, wọn ò dákẹ́. Asitan ní ká ní ẹ̀wà tí Saran jẹ láàárọ̀ dín ní ẹyọ kan ni, bọ́ọ̀lù ì bá wọlé. Saran ní àwọn Keyita ló jí ẹyọ tó yẹ kí òun fi ní agbára. Nígbà tó rẹ àwọn méjèèjì tán, èmi ni wọ́n dojú kọ. Wọ́n ní gèlè tí mo wé lọ sílé Bakari, ìkòkò ni mo fi pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá yín, sọ fún wọn pé mi ò lè wá. Mo ti gbé àpótí padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Kì í ṣe pé àárò yín kò sọ mí. Ó ń sọ mí gidigidi, pàápàá tìrẹ. Bí ilé-ìwé bá ti gba ọlidé, mo ń bọ̀ wá rí yín, kí o lọ wá ẹja tútù sílẹ̀ dè mí. Ṣùgbọ́n o bi mí pé ta ni mo jẹ́ sí wọn, ìdáhùn rẹ̀ sì nìyí: wọn kì í bú àlejò níbí. Àlejò, omi tútù ni wọ́n ń fún un, wọ́n á tẹ́ ẹní tó dára fún un, wọ́n á sì máa kí i dáadáa títí yóò fi lọ. Láàárọ̀ yìí tí mo ń kọjá lọ síbi iṣẹ́, Bakari ti ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀ kígbe pé kí gbogbo àdúgbò di ìkòkò wọn mú, Kulubali ń bọ̀.

Bá mi kí Bàbá Ìfẹ́jọbí, kí wọ́n má ṣe fi ikọ́ yẹn ṣeré. Bá mi kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Sọ fún Màmá pé bí wọ́n bá dé etí odò, kí wọ́n bá mi wo ojú omi dáadáa, mo ti kí wọn láti òkè wá.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ọ̀nà jìn sí, tí ọkàn kò jìn sí,

Ìbídùn,
Nyele Kulubali,
Ajẹ̀wà.