Àwọn Pẹ́pẹ́yẹ Tí Taeo Ń Béèrè

San Roque, Laguna
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta

Azon ọmọ mi àtàtà,

Kí lẹ́tà yìí tó dé Manila, kí àlàáfíà ti ṣáájú rẹ̀ dé yàrá rẹ, kí ó ti bọ́ bàtà, kí ó ti jókòó dè é. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń jẹun? Àwa náà ń bẹ, a dúpẹ́. Orúnkún ìyá rẹ ti rọ̀ díẹ̀, a ti kórè ìrẹsì oko ìsàlẹ̀, ajá wa sì bí ọmọ márùn-ún sórí aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nítorí náà n kò lọ.

O ní sáà tuntun ti bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ọmọ Korea márùn-ún tí ò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nínú kọ̀ǹpútà, àti pé ìràwọ̀ mẹ́rin ni àwọn òbí fún ọ ní sáà tó kọjá. Mo lọ bá Kapitan Usting, olórí abúlé wa. Mo ní ọmọ mi ti ní ìràwọ̀ mẹ́rin, ó ku ẹyọ kan, òun tó ń pe ara rẹ̀ ní kapitan, mélòó ló wà léjìká tirẹ̀? Ó ní kí n lọ jókòó. Mo jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí bàbá ọ̀gágun ni mo ṣe jókòó.

Kì í ṣe ìyẹn ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. O ní Taeo, ọmọ ọdún méje tí kì í la ẹnu, ti ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ìyá rẹ̀ ti ní bí kò bá sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì, òun á mú un lọ bá olùkọ́ mìíràn, ilé-iṣẹ́ yín sì ní bí ọmọ kan bá lọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn á gba kíláàsì náà lọ́wọ́ rẹ. O ní iná lọ lọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí ó dé, o bá ọmọ náà tó ń pariwo. O ní láti ọjọ́ náà ló ti ń bi ọ́ léèrè àwọn pẹ́pẹ́yẹ, o sì ti tú ìwé tí ẹ ń kà látòkè délẹ̀, o kò rí pẹ́pẹ́yẹ kankan níbẹ̀. Azon, má tú ìwé mọ́. Èmi ni mo ni àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà.

Ṣé o rántí ìlà aláwọ̀ búlúù tí o fi ránṣẹ́ sí fóònù mi pé kí n tẹ̀, kí n lè bá ọ wò bóyá iná tuntun tí o rà ń tàn sí ọ lójú? Èmi rò pé ilẹ̀kùn yàrá rẹ nìyẹn, àti pé o ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi títí ayé. Lọ́jọ́bọ̀, bí àwọn pẹ́pẹ́yẹ ti ń wọlé, ó wù mí kí n mọ̀ bóyá o ti jẹun, ni mo bá tẹ̀ ẹ́. Mo kọ́kọ́ wé táwẹ́ẹ̀lì mọ́ ọrùn, nítorí o ti sọ pé òtútù ń mú ní Korea. Bí mo ti yọjú, mo rí ọmọ márùn-ún nínú fèrèsé márùn-ún, mo rí ìwọ náà. Kí n tó kí ọ, fèrèsé tìrẹ ṣókùnkùn.

Kí wá ni kí n ṣe? Kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ láìsí alábòójútó? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo ṣí fìlà, mo bi wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá wọ́n ti jẹun. Ìwọ náà mọ Gẹ̀ẹ́sì mi, kò ju èyí tí mo fi ń ra ajílẹ̀ lọ. Wọ́n ní àwọn ti jẹun, wọ́n ń pè mí ní haraboji, ó jọ pé bàbá àgbà ni lédè wọn, mo sì ń jẹ́ wọn, nítorí orúkọ tí ọmọdé bá fi ẹ̀rín pe àgbà kò lè jẹ́ èébú. Taeo nìkan ló dorí kodò.

Mo yí fóònù sí àgbàlá. Mo ní ẹ wo pẹ́pẹ́yẹ mi, méje ni wọ́n. Ọmọ náà gbójú sókè. Mo tún wọn kà, mo ní rárá, mẹ́fà ni. Ó ń mi orí. Mo ní àbí márùn-ún? Azon, ọmọ náà kígbe pé mẹ́sàn-án ni! Ó ní haraboji ò mọ nǹkan kà, ọ̀kan wà lábẹ́ àga, ọ̀kan wà lẹ́yìn garawa, ṣé haraboji ò ríran ni! Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rí wúruwùru bíi tèmi, ìdí nìyẹn tó fi yé mi yékéyéké. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ìyá rẹ̀ sáré wọlé tòun ti ṣíbí lọ́wọ́, ó rò pé ìjà ni. Mo tẹríba fún un, ó tẹríba fún mi, mo tún tẹ̀, ó tún tẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ nàró, títí fóònù fi já bọ́ sínú oúnjẹ pẹ́pẹ́yẹ. Nígbà tí mo máa gbé e, iná ti dé lọ́dọ̀ rẹ. Eèpo ìrẹsì tó bo fóònù lójú ni kò jẹ́ kí o rí mi. Ojú tì mí, mo pa á, mo sá.

Bí ilé-iṣẹ́ yín bá bi ọ́ pé ta ni àlejò yẹn, sọ pé bàbá rẹ ni, kí wọ́n bá èmi wí. N kò ní kí wọ́n san owó ìṣẹ́jú mọ́kànlá tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fàáké kọ́rí pé àwọn á san án, n kò ní tàbùkù wọn.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí. Ó lé ní ọdún mẹ́rin kí o tó fọhùn. Àwọn ará abúlé ní odi ni ọ́, ìyá rẹ sì ń sunkún. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣèèṣì ṣi pẹ́pẹ́yẹ kà, o bínú, o gbá mi nítan. Láti ọjọ́ náà, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ fún oṣù méjì gbáko, mo ń ṣì wọ́n kà, àwọn èèyàn ń sọ pé orí Crisanto ti dàrú, títí o fi pariwo mọ́ mi pé méjìlá ni. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ nìyẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàrin àwọn pẹ́pẹ́yẹ, mo sunkún ayọ̀. Nítorí náà, má kánjú mọ́ Taeo. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni kí o máa mọ̀ ọ́n jù ú lọ.

Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn orúnkún ìyá rẹ àti owó fóònù mi. Mo ṣèlérí pé n kò ní tẹ ìlà búlúù mọ́, àfi bí iná bá lọ. Ọlọ́run á ṣọ́ ohùn rẹ, àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ kò ní yàn ọ́ lódì, ìràwọ̀ karùn-ún á bọ́ sí ọ lọ́wọ́.

Èmi ni Itay rẹ,
Crisanto

Mo gbàgbé: ìyá rẹ pa ọ̀kan nínú àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà lánàá, a fi se adobo, a fi dúpẹ́ pé kíláàsì rẹ kò bọ́. Ó dùn gan-an. Má sọ fún Taeo o. Bó bá ní kí o kà wọ́n, ṣì wọ́n kà.