Wọ́n Ní Ẹrù Elavagnon Ló Pa Á

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹta, 2025

Àtọ̀gbẹ oyún. Bí Madam Julienne, agbẹ̀bí, ṣe pè é nìyẹn, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń dárúkọ aṣọ tuntun fún mi. Oyún ti pé oṣù méje. Láàárọ̀ mi ò fi nǹkan kan ẹnu, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kí n mu omi ṣúgà, wọ́n tún gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí èsì dé, ó ní kí n jókòó. Mo ti jókòó tẹ́lẹ̀.

Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ó ní oyún fúnra rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin kan, ṣúgà yẹn á wá máa lọ bá ọmọ, ọmọ á máa tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Oúnjẹ ni oògùn àkọ́kọ́. Kí n má febi pa ara mi — ó tẹnu mọ́ èyí. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, pẹ̀lú ìpápánu kékeré láàárín. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo: gbòmá, adémè, ilá. Kí iyán tàbí ọkà àgbàdo má ju ìkúùkù mi lọ. Ẹja, ẹyin, ẹ̀wà, wàrà sójà. Kò sí ògì oníṣúgà, kò sí málítà, kò sí mílíìkì inú agolo. Kí n rìn lẹ́yìn oúnjẹ. Kí n má gbààwẹ̀ ọdún yìí.

Ó wá béèrè ọmọkùnrin mi, èyí tó kú lọ́wọ́ ìrọbí ní ọdún méjì sẹ́yìn. Mo ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò márùn-ún. Orí jáde, èjìká há. Madam Julienne ń tẹ bírò rẹ̀, ó ń jọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé wọn ò wo ṣúgà yín nígbà yẹn ni?" Mo ní kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi.

Nígbà oyún yẹn, gbogbo ọjà ló ń yin ikùn mi.

Ọjọ́rú, 5 oṣù kẹta

Mo sọ fún Sùnmọ́nù, ọkọ mi. Ó ń wo fóònù. Ó ní, "Ó dáa." Ó dáa kẹ̀. Ọkùnrin tó lè bi oníbàárà ní ogún ìbéèrè lórí bíréèkì ọ̀kadà kan kò ní ẹyọ ìbéèrè kan fún mi.

Ìyá rẹ̀ ló rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ti Anié wá láti oṣù tó kọjá, ó ní òun wá tọ́jú mi. Nínú ìwé yìí, Ọ̀gá Ṣíbí lorúkọ rẹ̀, torí kò sí ìkòkò tí kì í ti ṣíbí bọ̀. Ó ní àtọ̀gbẹ kì í ṣe àrùn ọmọdé bí èmi, àwọn oníléèwòsàn kàn fẹ́ dẹ́rù bà mí ni. Ó gbé abọ́ ògì síwájú mi. Mo sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo jẹ ẹyin àti ẹ̀fọ́. Ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán, ó ń wo ẹnu mi.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹta

Ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣúgà tí Madam Julienne yá mi: 1,09 láàárọ̀. Kò yẹ kó kọjá 0,95. Inú ń bí mi sí ẹ̀jẹ̀ ara mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹta

Ìṣínu. Àlejò méjì bá Sùnmọ́nù dé láti mọ́ṣáláṣí. Ọ̀gá Ṣíbí ń bu ògì fún wọn, ó ní, "Ìyàwó mi yìí, kò gbààwẹ̀, kò sì jẹun. Ọmọ ọmọ mi ló ń gbààwẹ̀ nínú ikùn níbẹ̀ yẹn." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Sùnmọ́nù bá wọn rẹ́rìn-ín.

Mo gbé àwo mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀wà, ẹja, gbòmá. Ìnàró ni mo jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹta

Ọjà. Mo sọ fún Àyọ̀kẹ́, ọmọ Ifẹ̀ ìhà ibí yìí, tó ń ta ẹ̀fọ́ níwájú ìsọ̀ aṣọ mi. Òun nìkan ni kò bi mí pé kí ni mo jẹ tó fi ṣe mí. Ó kàn ní, "Ìyá Sẹ̀ríyà, ìgbà wo la máa rìn?" Ní ọ̀sán, lẹ́yìn oúnjẹ, a rìn lọ sí ibùdókọ̀ tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò Anié, a rìn padà. Ó ń sọ Ifẹ̀, èmi ń sọ Yorùbá, a fi èdè Ewé di ibi tó bá ṣẹ́ kù. Máńgò kún gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mo lè jẹ díẹ̀, Madam Julienne sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mi ò mọ díẹ̀ lórí máńgò, torí náà mo kọjú sí títì.

Láàárọ̀ 0,97. Ó ń bọ̀ wálẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù kẹta

1,86 lẹ́yìn oúnjẹ. Kò yẹ kó ju 1,20 lọ. Mo fọ ọwọ́, mo tún wọ̀n ọ́n. 1,84. Kí ni mo jẹ? Ẹ̀wà àti ọbẹ̀ ata. Kí ni mo tún máa yọ kúrò báyìí, ẹnu mi?

Ọjọ́ Jímọ̀, 14 oṣù kẹta

1,79. Mo pe Madam Julienne. Ó ní tó bá ń bá a lọ báyìí, abẹ́rẹ́ ínsúlínì ni, kì í ṣe ohun ìtìjú. Ó tún béèrè oúnjẹ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé kò gbà mí gbọ́. Mo jókòó sórí bọ́ńdù aṣọ, mo sunkún.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹta

Mo wọ ilé ìdáná lọ mú iyọ̀. Ọ̀gá Ṣíbí dúró ti ìkòkò ọbẹ̀ mi, ó ń da ṣúgà sí i. Kì í ṣe ṣíbí kan. Ata ló ti ń bo adùn rẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Kò tiẹ̀ fò. Ó ní, "Ọmọ ọmọ mi ni mò ń bọ́. Èyí tó kú tóbi, ó lẹ́wà bí ọmọ ọba. Ìwọ lo gbé ẹrù pa á."

Ó tún sọ ọ́. Ọdún méjì ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Nígbà tí oyún yẹn pé oṣù méje, mo gbé ẹrù aṣọ lọ sí ọjà Elavagnon, mo sùn níbẹ̀ ọjọ́ méjì. Wọ́n ní ẹrù yẹn ló yí ọmọ po. Ọ̀gá Ṣíbí sọ ọ́ níbi ìsìnkú, Sùnmọ́nù ń gbọ́, kò já a ní koro. Èmi náà sì gbà. Ohun tó burú jù nìyẹn. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ẹrù tí mo bá ti gbé ni mo fi ń bẹ ọmọ yẹn.

Mo da ọbẹ̀ náà nù lójú rẹ̀. Láti òní lọ, èmi ni mo máa máa se oúnjẹ ara mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹta

0,94 láàárọ̀. 1,13 lẹ́yìn oúnjẹ. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ṣúgà inú ọbẹ̀, Madam Julienne bẹ̀ mí pé kí n má bínú, òun ti fura sí mi. Ó ní dókítà ilé ìwòsàn ńlá fẹ́ rí ìwé oyún ìjọ́sí.

Mo béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Sùnmọ́nù. Kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tó fi ní ó ti sọnù.

Ọjọ́ Jímọ̀, 21 oṣù kẹta

Nígbà tí Sùnmọ́nù lọ kírun Jímọ̀, mo ṣí àpótí irin tó ń kó ìwé mọ́tò sí. Ìwé oyún wà ní ìsàlẹ̀, ó fi ọ̀rá wé e. Ẹni tí ìwé rẹ̀ sọnù kì í fi ọ̀rá wé e.

Faransé kíkà mi kò jinlẹ̀, ìkọ̀wé wọn sì burú. Mo gbé e lọ bá Madam Julienne. Ó kọ́kọ́ kà á sínú. Lẹ́yìn náà ó ka díẹ̀díẹ̀ sí mi létí. Oṣù keje: ṣúgà nínú ìtọ̀. Ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ ga. Lábẹ́ rẹ̀, ìlà kan. Mo ní kó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. "A ti sọ fún ọkọ. Kí aya padà wá ní ọ̀sẹ̀ yìí."

Ọjọ́ tó wà níbẹ̀ ni ọjọ́ tí mo wà ní Elavagnon. Sùnmọ́nù ló lọ gba èsì fún mi. Mo rántí ìgbà tí mo délé, ẹsẹ̀ mi wú, mo béèrè. Ó ní, "Wọ́n ní kò sí nǹkan kan."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹta

Mi ò tíì sọ̀rọ̀. Mò ń jẹun lásìkò. 0,92.

Ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù kẹta

Mo gbé ìwé náà sórí itan Sùnmọ́nù. Mo ní, "Bàbá Sẹ̀ríyà, ẹ bá mi kà á." Ó mọ̀ ọ́n kà ju mí lọ. Kò kà á.

Ohun tó sọ nìyí, mo kọ ọ́ kí n má baà wá ní ọjọ́ kan kí n sọ pé bóyá mo gbọ́ ọ ní òdì. Ó ní nọ́ọ̀sì sọ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí mi. Ó sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní bí mo bá gbọ́, ẹ̀rù á mú mi gbà kí wọ́n là mí, obìnrin tí wọ́n bá sì ti là kò ní bímọ púpọ̀ mọ́. Ó ní òun rò pé ṣúgà náà yóò lọ fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ikùn rẹ tóbi, ojú rẹ ń dán, mo rò pé ara rẹ le ni."

Mo ní ẹrù ńkọ́? Ọdún méjì tí ẹ fi ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ẹrù mi ló pa ọmọ, kí lẹ ń rò?

Ó ń fi ọwọ́ na ọ̀rá yẹn lórí orúnkún, ó ń nà án, ó ń nà án.

Ọ̀gá Ṣíbí wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní nítorí mi ni wọ́n ṣe ṣe é. Mo ní, "Màmá, ẹ máa lọ sí Anié." Mi ò gbé ohùn sókè. Sẹ̀ríyà, àkọ́bí wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, wo ojú mi, ó lọ mú báàgì ìyá àgbà rẹ̀ wá.

Ọjọ́ Ajé, 31 oṣù kẹta

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Ẹran díẹ̀, ẹ̀fọ́ púpọ̀, ìrẹsì ìkúùkù kan. 1,16. Àwọn ènìyàn ní mo rù. Ẹ jẹ́ kí n rù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 oṣù kẹrin

Sùnmọ́nù ń bá mi lọ sí ilé ìwòsàn ní gbogbo ìgbà báyìí. Òun ló ń kọ iye ṣúgà sílẹ̀. Ó ń gúnyán, ó ń gé tèmi bí Madam Julienne ṣe fi hàn án, ó ń ra wàrà sójà lọ́nà. Lánàá ó sọ fún àwọn àlejò pé aboyún tó ní ṣúgà kò gbọ́dọ̀ mu málítà, ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn bí olùkọ́. Ó ń ṣe é dáadáa. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Kò le. Kò le rárá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 oṣù kẹrin

Iṣẹ́ abẹ ni, torí èjìká ọmọ ìjọ́sí. Èmi ni mo gbà á, èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé. Obìnrin. Kílò mẹ́ta àti díẹ̀. Ó ké kí wọ́n tó nù ún tán. Wọ́n gún un ní gìgísẹ̀, ṣúgà rẹ̀ dára, wọ́n gbé e sí mi lọ́mú.

Ojú egbò ń ta mí. Mo gbọ́ igbe yẹn, gbogbo ibi tó yẹ kí inú mi ti dùn, mo ń bínú níbẹ̀ nítorí ọmọ ìjọ́sí tí kò ké.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 oṣù kẹrin

Ìkómọjáde. Àwọn ènìyàn díẹ̀. Àyọ̀kẹ́ ló se oúnjẹ. Ọ̀gá Ṣíbí dé láti Anié, ó jókòó sí igun, kò fọwọ́ kan ìkòkò.

Àlùfáà pe ọmọ ní Ràlíátù. Ó ní bóyá ìyá ọmọ ní orúkọ kan. Mo ní mo ní ọ̀kan, kì í ṣe fún èyí. Fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí a sin láìsọ ọ́ ní orúkọ.

Mo ní, "Bàbárímisá."

Gbogbo wọn mọ irú ọmọ tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú kó tó dé. Ọ̀gá Ṣíbí ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní, "Bàbá rẹ̀ kò kú."

Mo ní, "Rárá, Màmá, kò kú. Ó ń bẹ láàyè."

Àlùfáà wo Sùnmọ́nù. Mo rò pé yóò dìde jáde. Ó tẹ orí ba. Lẹ́yìn náà ó pe orúkọ náà. Ó ní ẹrù kọ́ ló pa á. Ó ní wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ṣúgà fún òun, òun ò sọ fún ìyá ọmọ náà. Ó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, ó wá ní kí Àlùfáà bá òun ṣàdúà fún Bàbárímisá, ọmọ òun.

Mo ṣe àmín. Mi ò tíì dárí jì í.