Àwọn Ayálégbé Inú Omi: Ìgbésí Ayé Màmá Ẹ-Jẹ́-Kó-Dá-Wa-Lójú

Ní ọdún 1949 ni a bí Màmá wa, nínú ilé tó kọjú sí àgbá omi ìlú. Bàbá wọn ló ń tún páìpù omi ṣe, ìyá wọn sì jẹ́ aránṣọ. Láti kékeré ni Màmá ti máa ń gbé ife omi sókè síbi ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n tó mu ún.

Wọ́n kàwé dé yunifásítì, wọ́n sì di olùwádìí kòkòrò àìfojúrí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sọ wọ́n lórúkọ òkè yìí, nítorí Màmá kì í gba nǹkan gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí Bàbá wa dẹnu ìfẹ́ kọ wọ́n ní 1973, ọdún 1976 ni èsì tó jáde. Ọmọkùnrin méjì ni wọ́n bí.

Ní 1985, ayálégbé tó wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ wa kú, ó fi ọmọbìnrin jòjòló sílẹ̀. Màmá gbé e wọlé, wọ́n tọ́ ọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Síbẹ̀, bí àlejò bá bèèrè, “ọmọ ayálégbé wa” ni Màmá ń pè é, nítorí wọn kì í sọ ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì pé. Ó máa ń dun ọmọ náà, a sì ń rí i.

Ní 1994 ni ọ̀ràn amíbà ṣẹlẹ̀. Amíbà jẹ́ ohun abẹ̀mí kékeré tí ń gbé inú omi, àwọn kòkòrò mìíràn a sì máa gbé inú rẹ̀ bí ayálégbé. Nínú ọ̀kan lára àwọn kòkòrò ayálégbé yìí, èyí tó wá láti inú omi àgbá ìlú, Màmá rí odidi ìdì àbùdá kan, ìyẹn ogún inú ara tí ìyá máa ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, tí kò jọ ti ìran rẹ̀ rárá, tó dá dúró láàárín ogún yòókù bí erékùṣù. Ti kòkòrò tí wọ́n jọ ń gbé inú amíbà kan náà ló jọ. Kì í ṣe ọwọ́ ìyá ló ti gbà á, ọwọ́ ará ilé ni. Ọ̀gá wọn ní ìdọ̀tí ni, pé àyẹ̀wò méjì ló dàpọ̀. Kò dá Màmá náà lójú mọ́, wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò tí a fi ń se kòkòrò pa. Nígbà tí ọkàn wọn yí padà, tí wọ́n tún lọ bu omi nídìí àgbá, àwọn òṣìṣẹ́ ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn ẹlòmíràn kéde irú rẹ̀. Màmá kò jẹun lọ́jọ́ náà. “Ó wà lọ́wọ́ mi, mo sì sè é pa,” ni wọ́n ń wí títí dọjọ́ ogbó. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Nínú ìjọ, àwọn ni alábòójútó omi mímu. Pásítọ̀ pàápàá kò gbọ́dọ̀ mu èyí tí Màmá kò tíì sè.

Wọ́n fi ọkọ sílẹ̀, ọmọkùnrin méjì, ọmọ-ọmọ márùn-ún, àti ọmọbìnrin kan tó máa ń gbé ife sókè síbi ìmọ́lẹ̀ kí ó tó mu omi. Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, nọ́ọ̀sì bi Màmá léèrè ta ni ẹni tó ń sùn tì wọ́n ní ọsibítù. Màmá ní, “Ọmọ mi ni. Ó dá mi lójú.” Ọmọbìnrin náà ti jáde lọ ra oògùn nígbà náà. Kó tó dé, Màmá kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Àbúrò wa, o kò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ìdí nìyẹn tí a fi kọ ọ́ síbí.

Màmá, ẹ sùn re o. Kí omi ibi tí ẹ lọ mọ́ gaara.