Ìlà Tí Mo Gé Kúrú

Ọjọ́ Ajé, 12 Ṣẹ́rẹ́ 2026
Ọ̀gá Amos — Ó-Ti-Pọ̀jù ni mò ń pè é nínú mi — tún dá àwòrán inú ìròyìn mi lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé padà. Oṣù méjìlá lórí ìlà kan. "Ó ti pọ̀jù! Àwọn ará Abújá ò ní ráyè wò ó." Mo gé e. Ó ku oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ọdún. Mo kùn ún ní pupa. Ó mọ́ lójú, ó dára. Inú mi dùn.

Ìṣẹ́gun, 13
Ó yìn mí níwájú gbogbo ọ́fíìsì. Ìròyìn ti lọ.

Ẹtì, 16
Ilé ìlera mẹ́rin ló wà láwọn abà kòkó lẹ́yìn Iléṣà. Àwọn ará Abújá fẹ́ ti ọ̀kan pa. Ti Abà Ọdúntán ni wọ́n mú, torí ìlà tèmi: ọgọ́rin ọmọ ló gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Ọ̀wàrà, mọ́kànlá péré ní Ọ̀pẹ. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì ibẹ̀, Màmá Cecilia, ti ya ọ̀lẹ.

Ọ̀lẹ kẹ̀! Ta ló kù ní Abà Ọdúntán ní Ọ̀pẹ? Kòkó ti tán, gbogbo ará ibẹ̀ ti kó lọ sílé ní Iléṣà lọ ṣe Kérésì. Àwọn abà mẹ́ta yòókù wà létí títì, àwọn ará ibẹ̀ kì í kó lọ. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀! Tó bá di Èrèlé wọ́n á padà, ìlà á tún gòkè. Ọdọọdún ni. Ó wà nínú ohun tí mo gé.

Àbámẹ́ta, 17
Tí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ lè bọ́. Tí n kò bá sọ ńkọ́?

Ajé, 19
Mo sọ. Mo gbé ìlà oṣù méjìlá síwájú Ọ̀gá Amos. Ó wò ó títí. "Títílọpẹ́, wọ́n ti fọwọ́ sí i." Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ọjọ́rú, 21
Mo pe Màmá Cecilia fúnra mi. Wọ́n ti ń di ẹrù. Wọ́n ní àwọn rí àwòrán náà, ó yé àwọn láìlo ìgò ojú. Ọdún mọ́kànlélógún, àwọn rò pé àwọn ń ṣe dáadáa, àṣé agbára ti tán. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ò ṣe àṣìṣe kankan, èmi ni mo gé ìlà yẹn.

Wọ́n wá ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Má parọ́ tù mí nínú."